Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ọmọ Télọ̀

Rédíò ni gbogbo ilé ìwé ń pe ọmọbìnrin náà, ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó sì wà ní kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n tó bá dìde sọ̀rọ̀ ní àpéjọ àárọ̀, àwọn tíṣà tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn pàápàá á panu mọ́. Kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, torí iṣẹ́ gbàǹjo ni bàbá náà ń ṣe: ẹnu ló fi ń ta àga tó ti kán ẹsẹ̀ kan, ẹni tó bá sì rà á á tún máa dúpẹ́.

Ọ̀rẹ́ méjì ló ní. Ọ̀kan ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọkùnrin kan tó tín-ín-rín débi pé ìyá rẹ̀ ń bá a dín ṣòkòtò kù lọ́dọọdún dípò kó máa tú u sílẹ̀. Èkejì ni Ọmọ Télọ̀, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Ọmọ yìí mọ̀wé, ó mọ̀ ọ́n kọ ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ akólòlò ni, kì í sì í ṣe akólòlò kékeré. Tí wọ́n bá ń pe orúkọ, kó tó sọ pé òun wà níbẹ̀, tíṣà á ti pe ẹni mẹ́ta sí i. Jẹnẹrétọ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè é. Bó bá ti ṣe "m-m-m" báyìí, ẹnìkan á ti kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ tún un fà, kò tíì tan!" Ẹ̀rín á sọ. Àwọn kan ní ọmọdé ò mọ ìkà. Irọ́ gbuu!

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó gbẹ̀yìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí àwọn méjì tó kù ràn án lọ́wọ́ títí yóò fi borí rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ajá ni. Ajá kan ti gé e jẹ nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ká ṣòkòtò sókè kí wọ́n lè rí àpá rẹ̀. Ọmọ Télọ̀ ò wulẹ̀ la ẹnu. Ó fa ìwé yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kí n sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn."

"Ìwọ ńkọ́?" ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi Rédíò.

"Èmi? Kí ni màá máa bẹ̀rù?"

"Ẹ gbà mí, akin!" Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ o. Kò tíì rí tiẹ̀ ni.

Ti ajá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọlọ́dẹ ilé ìwé ní ajá pupa kan tó ń so mọ́ ẹnu géètì. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti jáde, Rédíò á di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lápá ọ̀tún mú, Ọmọ Télọ̀ á di tòsì mú, wọ́n á sún mọ́ ajá náà ní ẹsẹ̀ kan sí i. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọwọ́ lé ajá lórí, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́, ajá sì ń lá a lọ́wọ́. Wọn ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ gidi ni wọ́n nígbà yẹn, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ti Ọmọ Télọ̀ ló le. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìyànjú, láàárín àjákù aṣọ àti òwú. Rédíò ní kó mí kanlẹ̀, ó mí kanlẹ̀, kòlòlò ò gbọ́. Ó ní kó la ẹnu gbàgà, ó là á, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kan ni Rédíò wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nígbà tí máṣíìnì ìyá ń lọ geere, ta-ta, ta-ta, Ọmọ Télọ̀ ń ka ìwé sínú ara rẹ̀ lábẹ́ ariwo náà, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ láìkọsẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè pé òun fẹ́ bá ìyá òun sọ̀rọ̀ báyìí, ìyá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì kó lè gbọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ni kòlòlò bá dé. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti mọ̀rọ̀ sọ ni ìyá rẹ̀ ti ń fi ìfẹ́ dá máṣíìnì dúró, kò sì tíì gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ geere lọ́jọ́ kan.

"Yéè! Máṣíìnì ni!" ni Rédíò pariwo. Ó bọ́ sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi ìka méjì gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ta-ta, ta-ta, bí máṣíìnì ti ń ṣe. "Ó yá, sọ̀rọ̀."

Ọmọ Télọ̀ ní, "Kí ni kí n sọ?" Ọ̀rọ̀ márùn-ún, kò kọsẹ̀ nínú ọ̀kankan. Òun gan-an fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wọn ò sọ fún ìyá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó bá a lójijì lọ́jọ́ kan.

Àṣà ilé ìwé náà ni ọjọ́ ìdágbére. Bí kíláàsì kẹta bá fẹ́ lọ, gbogbo wọn á kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò kà á fúnra rẹ̀ níwájú àwọn òbí. Gbogbo ayé ti gbà pé Rédíò ni. Bàbá rẹ̀ ti pe àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ ọmọ òun. Nígbà tí èsì jáde, Ọmọ Télọ̀ ló ṣe ipò kìíní, Rédíò ṣe ìkejì.

Tíṣà wo Ọmọ Télọ̀ tàánútàánú. "Ṣé wàá lè kà á?"

"Á lè kà á, sà," ni Rédíò dáhùn. "Èmi ni màá dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá bá a gbé máìkì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí kò bá wá lè parí ẹ̀, kí ìwọ gbà á kà."

Nígbà tí bàbá Rédíò gbọ́, kò bínú. Ì bá kúkú bínú. Ẹ̀rín ló bú sí. "Akólòlò? Akólòlò ló fi ọ̀rọ̀ na ọmọ mi? Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, wọn ò sọ fún mi pé ọmọ tèmi ló máa bá a gbé máìkì tó bá ń pè é." Láti ọjọ́ náà, Agbémáìkì ló ń pè é nínú ilé. "Agbémáìkì, gbé omi wá. Agbémáìkì, ṣé o ti jẹun?" Ìyá rẹ̀ ní kó fi ọmọ sílẹ̀. Bàbá ní àwàdà ni òun ń ṣe.

Rédíò ń rẹ́rìn-ín sí i. Inú rẹ̀ ń ta bí ọgbẹ́ tí wọ́n da iyọ̀ sí.

Ọjọ́ pé. Ìyá Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ohun tí kì í ṣe. Ó jókòó sí ìlà iwájú, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò rántí yọ. Ó ti rán aṣọ funfun kan fún ọmọ rẹ̀, ó fi aṣọ bùlúù gbá etí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ ibẹ̀ ò sì yà síra. Bàbá Rédíò wà ní ìlà kejì pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ni wọ́n ní kó máa fa aṣọ ìkélé.

Ọmọ Télọ̀ bọ́ sí iwájú. Ẹnìkan ti kígbe lẹ́yìn pé, "Jẹnẹrétọ̀!" Rédíò fi ọwọ́ kan gbé máìkì sí i lẹ́nu, ó fi èkejì kàn án lẹ́yìn. Ta-ta, ta-ta.

"Ẹ̀yin òbí wa, ẹ káàbọ̀," ni Ọmọ Télọ̀ wí. Gbọ̀ngàn náà pa lọ́lọ́. Ohùn rẹ̀ rẹwà, kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń kà á lọ, kò sáré, kò kọsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ kò nù ún. Ó kà á dé ìdajì, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ọkùnrin kan sì fò dìde ní ìlà kejì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń kígbe pé, "Ọmọ dáadáa! Ẹ gbọ́ ẹnu o! Ẹ gbọ́ ẹnu!"

Bàbá Rédíò ni.

Kò dìde fún Rédíò rí. Ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ lórí pèpéle yẹn nígbà mẹ́sàn-án, bàbá á jókòó, á mi orí, ó tán. Rédíò ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò ju kóun mí ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìkà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

"Nígbà tí a dé ibí, a ò mọ ara wa," ni Ọmọ Télọ̀ kà. "L-l-l..." Ó dúró. "L-l-l-l..." Lónìí ló fẹ́ pè.

"Ẹ tún un fà!" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín o, wọ́n kàn fi ọwọ́ bo ẹnu ni. Ìyá Télọ̀ ti dìde àábọ̀ lórí àga, ó ń yọ ètè bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọmọ Télọ̀ yí orí padà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò bínú. Ó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ọwọ́ náà lọ lóòótọ́, àmọ́ ìwé ló lọ gbà. Rédíò sún ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú èjìká, ó gbé máìkì sí ẹnu ara rẹ̀. "Lónìí, a ti di ọmọ ìyá," ló kà. Ó kà á dé òpin, ó sì kà á dáadáa, kí n má parọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ilé ń mì. Bàbá rẹ̀ tún dìde.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Ọmọ Télọ̀ dì mọ́ ọn. "O ṣ-ṣ-ṣeun. O y-yọ mí."

"Kí la ń pè ní ọ̀rẹ́?" ni Rédíò wí. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, geere bí i ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá Télọ̀ náà dé, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ọmọ mi, bó o ṣe bo àṣírí ọmọ mi níwájú ayé, Ọlọ́run á bo tìẹ náà. Ojú ò ní tì ọ́ láéláé."

"Àmín, mà."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró de Rédíò lẹ́nu géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá. "Mo rí ọwọ́ rẹ," ló sọ.

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ibi tí mo dúró sí, ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń wò. O dá a dúró."

"Ó ti ń ro mí ni."

"Irọ́ ni."

Rédíò fẹ́ fi ẹnu gbá a dànù bó ti máa ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé o fẹ́ sọ fún un ni?"

"Èmi kọ́. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

"Á wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọ̀pẹ́, jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà, ẹ̀rù bà mí níbí yìí, ẹ̀yin méjì lẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ ajá yìí." Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde. Màá bá ẹ lọ."

Wọ́n bá Ọmọ Télọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi bíléèdì tú aṣọ funfun náà. Ó ti yọ bùlúù ọrùn rẹ̀ kúrò. Ìyá rẹ̀ ní kó tú u, òun á fi rán nǹkan fún ọmọ oníbàárà kan, torí Ọmọ Télọ̀ ní òun ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Rédíò dúró síwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi bò. Ó sọ ti Agbémáìkì, ó sọ bí bàbá òun ṣe dìde, ó sọ bí ọwọ́ òun ṣe dúró àti pé òun mọ̀ pé yóò kọsẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọmọ Télọ̀ ò gbójú sókè. Ó ń tú òwú lọ.

"M-m-mo m-mọ̀," ló wí nígbà tó yá.

"Láti ìgbà wo?"

"L-lórí p-p-pèpéle."

Rédíò sún mọ́ ọn. "Kí ló wá dé tó o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Èyí ni kò tètè jáde. Ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́fun, ọrùn rẹ̀ le gan-gan, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ bá a parí rẹ̀, Rédíò fà á lápá pé kó fi í sílẹ̀. Wọ́n dúró. Oníbàárà kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá ìyá ná owó ìránṣọ, ó jáde, wọ́n ṣì dúró.

"Ẹ̀yin m-m-méjì p-péré ni mo ní. T-tí mo bá ní m-mo rí ọ, o ò n-ní w-wá mọ́."

Ẹkún gbọn Rédíò. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú àjákù aṣọ, ó ní kó dárí ji òun, kó jọ̀ọ́, kó forí jin òun. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Rárá," ni Ọmọ Télọ̀ wí. Ó wá nu ojú bíléèdì mọ́ yẹ̀rì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú apá òsì aṣọ náà. "Ṣùgbọ́n w-w-wá lọ́la."