Irùngbọ̀n Tó Jàre

Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ gbọ́ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ gé igi orógbó ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní òun lòun gbìn ín. Mo sọ níwájú ẹbí pé ìyá mi ló gbìn ín. Ó ní, "Ìwọ tó jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná lánàá?" Ni irùngbọ̀n rẹ̀ bá gùn sí i. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹbí wa fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n, wọ́n ní irùngbọ̀n tó gùn tó báyìí ò lè purọ́. Igi fúnra rẹ̀ wá lahùn, ó ní ìyá mi ló gbin òun. Wọ́n bi í léèrè ọjọ́ orí. Ó ní ọdún méjìlá. Wọ́n ní ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kúkú bọ́gbọ́n mu. Àtẹ́wọ́ tí mo ń pa fún wọn ló jí mi.