Ife Omi Lẹ́yìn Ìṣáí

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá le ni wọ́n máa ń rán lọ wádìí ìyàwó. Nígbà tí Mubaraq ní òun fẹ́ gbé Haneefah níyàwó, Àlàmú tó jẹ́ olórí ẹbí kò rán ẹlòmíràn ju Raliat, opó àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ ìyá Mubaraq fúnra rẹ̀.

"Ìyá Mubaraq, wádìí ilé yẹn dáadáa," ó ní. "Bí wèrè bá wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀tẹ̀, tàbí wárápá, a ò so yìgì kankan o."

"Mo gbọ́, ọkọ mi," ni Raliat wí lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe máa ń fini ṣe yẹ̀yẹ́? Obìnrin tí wọ́n ní kó lọ wá wèrè nílé onílé, òun gan-an ti gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́ rí. Nígbà tí Mubaraq ṣì ń rá kòrò, ohùn náà a máa sọ fún un pé àwọn ará ilé ti fi májèlé sínú omi. Á gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, kò ní jẹ, kò ní mu. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ojú ò ti mọ ojú. Oògùn tí wọ́n fún un níbẹ̀ ló pa ohùn náà lẹ́nu mọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń lọ gba oògùn lóṣooṣù. Ìborùn àti hìjáàbù ló ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán, nítorí náà á ní ọjà lòun ń lọ rà ní Takie, l'Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Á sì ra díẹ̀ lóòótọ́, kí irọ́ náà lè rí ẹsẹ̀ dúró. Inú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni oògùn ń gbé. Tó bá ti kírun ìṣáí tán, á ti ilẹ̀kùn, á gbé e mì. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ọkọ sì ti di ẹni ilẹ̀.

Mubaraq ní tirẹ̀, láti kékeré ló ti máa ń gbé ife omi wá fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìṣáí. Á gbé e sílẹ̀, á fa ilẹ̀kùn padé bó bá ń jáde. Àwọn ará ilé a máa ní ọmọ náà ní ẹ̀kọ́, Raliat náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó yẹ kó lọ ṣe ìwádìí ló bọ́ sí ọjọ́ oògùn. Ó ní ìwádìí ò ní sá lọ, ló bá wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dé ọsibítù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, ó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Haneefah ni. Hìjáàbù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀dọ̀ Raliat ló ti rà á.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Haneefah kí i. "Ẹnìkan tí ara ẹ̀ ò yá ni mo wá kí."

"Èmi náà," ni Raliat dá a lóhùn kíákíá. "Aláìsàn ni mo wá kí."

Àwọn méjèèjì bá jókòó, wọ́n ń retí aláìsàn. Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Olúfúnkẹ́ ti yọjú, obìnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. "Màmá Raliat, àgbà kọ́sítọ́mà wa! Ẹ máa bọ̀. Haneefah, ìwọ ló kàn tẹ̀ lé wọn. Dókítà fẹ́ gbọ́ ìdí tó o fi ní o fẹ́ dá oògùn dúró."

Haneefah bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nílé. Ara mi ti yá, mi ò gbọ́ ohùn kankan mọ́. Mo fẹ́ dá a dúró kí n tó wọlé yín ni. Níbo ni mo fẹ́ fi oògùn pamọ́ sí láàárín èrò?"

Raliat gbàgbé irọ́ aláìsàn tó wá kí. "O ò gbọdọ̀ dán an wò! Èmi náà dá a dúró rí. Ara mi yá, mo ní kí ni mo tún ń gbé mì. Kóṣù tó parí, mo ti pọn Mubaraq, mò ń sá lọ lójú títì, mo ní wọ́n ń lé wa. Ọpọlọ gbogbo èèyàn ló ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní dopamíìnì. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ ló rí, kò sẹ́ni tí ò nílò ẹ̀. Tiwa ló ń pọ̀ jù níbì kan, a wá ń gbọ́ ohun tẹ́nì kan ò sọ. Oògùn yìí ló ń dínà fún un. Tó o bá dáwọ́ ẹ̀ dúró, iyọ̀ á tún pọ̀."

Haneefah wò ó tìyanutìyanu. "Ẹ̀yin náà, Màmá?"

"Èmi náà."

Ọmọbìnrin náà nu ojú. "Mo ti sọ fún Mubaraq. Mo rò pé á sá ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tóun fẹ́ràn jù láyé ń lo irú ẹ̀, àti pé láti kékeré lòun ti ń gbé omi tó fi ń lò ó fún un. Mo bi í pé ta ni, kò sọ fún mi."

Raliat fọwọ́ bo ẹnu. Ife omi! Agolo mílíìkì, ilẹ̀kùn títì, ọjà Takie, ta ló wá ń tàn láti ọjọ́ yìí? Ọmọ tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ló ń bá a pa á mọ́. Ó sunkún, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Kí wọ́n tó pínyà, ó ní kí Haneefah jẹ́ kóun sọ òtítọ́ nílé, ọmọ náà sì gbà.

Nígbà tó dé Ọ̀yọ́, Àlàmú ti ń retí rẹ̀. "Ṣé o wádìí?"

"Mo wádìí, ọkọ mi. Ohun tó ṣe mí ló ṣe Haneefah. Oògùn tí mò ń lò ló ń lò." Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́.

Àlàmú wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ yìí?" ó ní. "Ìwọ tá a máa ń ránṣẹ́ pè bí àwọn ìyàwó ilé bá ń jà?"

"Èmi yìí náà ni."

Bàbá họ irùngbọ̀n. "Bó bá jẹ́ irú èyí ni wèrè, a jẹ́ pé kò tiẹ̀ tíì pọ̀ tó nílé yìí. Ẹ lọ mú ọjọ́ yìgì."

Lẹ́yìn ìṣáí, Mubaraq gbé omi wá bó ti máa ń ṣe. Ó gbé e sílẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà.

"Dúró," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó fa agolo mílíìkì jáde, ó fi oògùn sẹ́nu lójú ọmọ rẹ̀, ó mu omi náà tán, ó sì na ife padà sí i. "Tí Haneefah bá ti dé, ife méjì ni wàá máa gbé o."

Mubaraq gba ife. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa, Màmá," ó ní. Ó jáde, kò sì fa ilẹ̀kùn padé.