Wọ́n Ní Àwọn Ọmọ Náà Sanra

“Kí ni ọmọ yìí ti ń jẹ láti kékeré?” Dókítà Adébísí tún béèrè.

Faridah yíjú sí ọmọ náà. Olúdayọ̀ ọmọ rẹ̀ ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Ọláṣùpọ̀, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Faridah, já ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Faridah ní Ìkòsí. “Ọmọ rẹ rèé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń yà. Àwa ò lè máa tọ́jú aláìsàn.” Kò dúró gbọ́ èsì.

“Mummy, ẹ̀yin lẹ kúkú bí i,” dókítà náà wí. “Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ?”

“Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ni, mà.”

Ọmọ ọdún méjì ni Olúdayọ̀ nígbà tí Mutolib bàbá rẹ̀ kú. Ràhmát, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ni. Kí omijé tó gbẹ lójú Faridah, àwọn ẹbí ọkọ ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òun ló mọ ohun tó pa ọmọ àwọn. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí Ọláṣùpọ̀ ti kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí Kétu, níbi tí ìyàwó rẹ̀, Mummy Bámi, ti ń dín adìyẹ àti dòdò tà níwájú ilé. Faridah ríṣẹ́ sí ọjà Mile 12, ó ń ṣa tòmátò tó ti jẹrà kúrò lára èyí tó dára.

Bó bá lọ wo àwọn ọmọ, ẹnu géètì ni wọ́n ń dá a dúró sí. Láti ibẹ̀ ló ti ń wò wọ́n: ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, ara wọn ń dán.

“Ṣé o rí bí wọ́n ṣe sanra?” Mummy Bámi á wí. “Lọ́dọ̀ rẹ, ṣé wọ́n á rí báyìí?”

Faridah á sì dúpẹ́. Á kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, á dúpẹ́. Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú títí ó fi ń délé ni pé ebi kò pa wọ́n.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. “Dayọ̀, kí lo máa ń jẹ láàárọ̀?”

“Awọ adìyẹ tí àwọn kọ́sítọ́mà bá jẹ kù.”

“Ọ̀sán ńkọ́?”

“Búrẹ́dì.” Ó ronú díẹ̀. “Mummy Bámi máa ń rì í sínú òróró tí wọ́n fi dín adìyẹ, kó lè rọ̀.”

“Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹ̀wà? Èso?”

“Bámi àti Reuben ló máa ń jẹ ìyẹn. Ọmọ Mummy Bámi ni wọ́n.”

Ó wí i wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Dókítà dìde. “Mi ò lè sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ìfun ọmọdé ṣì ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ṣáá ló ń rí, ara rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún á máa wú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ràn án lọ́wọ́ á sì máa kú. Tiẹ̀ ti wú débi pé ó ń ṣẹ̀jẹ̀. A ó tọ́jú rẹ̀, Mummy. Àmọ́ mi ò lè ṣèlérí pé inú yẹn á padà rí bó ṣe yẹ kó rí.”

Faridah ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán lẹ́yìn géètì ló ń rí. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́: ẹ ṣé, mà, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín. Gbogbo ìgbà tó ń kúnlẹ̀ yẹn, ìfun ọmọ rẹ̀ ti ń bàjẹ́ níṣojú rẹ̀.

“Ṣé òun nìkan ló wà nínú ilé yẹn?” dókítà béèrè.

Faridah ti ń wá bàtà rẹ̀.

Géètì ṣí sílẹ̀ nígbà tó dé Kétu. Ràhmát dá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, abọ́ dòdò wà lórí itan rẹ̀, òróró ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọláṣùpọ̀ jáde síta.

“Mo wá mú ọmọ mi, Bọ̀dá Ṣùpọ̀.”

“Ọmọ wo? Èyí tó ń ṣàìsàn ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Èyí tára rẹ̀ dá, ọmọ tiwa ni.” Ó nawọ́ sí Ràhmát. “Wò ó dáadáa. Kò sanra ni?”

Faridah lóṣòó níwájú ọmọ náà, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó le gbagidi. Ràhmát fà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ṣùgbọ́n kò ké. Ó jọ pé ìrora náà ti mọ́ ọn lára. Ó tẹjú mọ́ obìnrin tí kò mọ̀ pé ìyá òun ni, tó ń sunkún níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú dòdò kan nínú abọ́, ó nà án sí i.

“Aunty,” ó ní, “ẹ má sunkún. Ẹ gbà, ẹ jẹ.”