Ohun Tí Wọ́n Rì Sábẹ́ Fèrèsé

Ìyá Aránṣọ kò fẹ́ràn ọkọ̀ tí kì í dún. Láti ọjọ́ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti wa mọ́tò oníná náà wọ àgbàlá ló ti sọ ọ́ pé ohun tó ń rìn tí ẹnìkan ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí kì í bá ṣe ológbò, olè ni. Kò mu epo, kò tú èéfín, kò sì ké. Kí ló wá ń jẹ? Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Iná ló ń jẹ, Màmá." Ìyá ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ rán aṣọ fún oríṣiríṣi èèyàn, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń wọn ìbàdí rẹ̀, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́.

Àwọn méjèèjì péré ló ń gbé ilé náà. Ọmọ Ìyá, ìyẹn ọkọ ìyàwó, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Agbẹ̀bí ni ìyàwó nílé ìwòsàn, ìgbàkígbà ni wọ́n lè pè é. Ìyá ló ni ilé. Abẹ́rẹ́ ló fi kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á, kì í sì í sọ ọ́ síta: kí wọ́n má lọ fi ọgbọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Ìfura náà kì í sì í ṣe ti àná. Ó ti ṣe díẹ̀ tí nǹkan ti ń ta á lọ́wọ́ ṣìnnìnnìn, bó bá ti fi ọwọ́ tútù kan ẹnu ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni kó sọ fún? Ta ló ń fọ balùwẹ̀ ọ̀hún bí kò ṣe ìyàwó? Àjákù aṣọ ló wá ń fi di ẹ̀rọ omi mú kó tó yí i. Ìfura loògùn àgbà. Páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn.

Oníná dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fẹ́ so àpótí ṣáájì mọ́ ara ògiri níbi tí mọ́tò máa ń dúró sí, kí ìyàwó lè máa gba iná sí i nílé. Ó so ó tán, ó tan án, iná pupa ló ń ṣẹ́jú. Ó lọ ṣí pátákó iná ilé, ó wò ó, ó mi orí. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan wọ balùwẹ̀ Ìyá, ó fi kan ẹnu ẹ̀rọ omi, ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà lòun àti ìyàwó lọ dúró síta lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá wà lẹ́yìn fèrèsé. Kò yọjú, etí ló yọ.

"Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ṣì wà láàyè," Oníná wí.

"Ẹ rọra," ìyàwó dáhùn. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ṣé ẹ lè parí ẹ̀ lónìí?"

"Lónìí náà ni. Abẹ́ fèrèsé wọn yìí ló dáa jù, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù. Ẹ bá mi wá èédú àti iyọ̀."

Ìyá jókòó sórí ibùsùn. Ó gbọ́ bí ọkọ́ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ gbì, gbì. Nígbà tó dìde, ó gbé etí kọ́tìnnì sókè díẹ̀. Oníná ti ri ọ̀pá bàbà kan mọ́ ilẹ̀, ó ti so wáyà mọ́ ọn, ó ń da èédú yí i ká. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń bu iyọ̀ sí i.

"Ìyàwó, kí lẹ ń rì síbẹ̀ yẹn?"

Ìyàwó ta gìrì. "Ohun tí mọ́tò nílò ni, Màmá. Ẹ lọ sinmi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," Oníná fi kún un, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò sí ohun tó ń bọ̀ lókè tí ilẹ̀ ò gbà."

Ìyá mọ òwe náà dáadáa. Ohun tí kò yé e ni ìdí tí èèyàn á fi pa á fún arúgbó létí kòtò.

Oníná lọ. Iná ara àpótí ti di aláwọ̀ ewé. Ìyàwó, tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, fi mọ́tò sílẹ̀ kó máa gba iná, ó wọlé lọ sùn. Ìyá lọ bomi ní balùwẹ̀, ó gbàgbé àjákù aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán yí ẹ̀rọ omi. Kò ta á. Kò torí ẹ̀ dúpẹ́. Ó gbà pé nǹkan ọ̀hún ti kúrò lójú omi, ó ti kó wọnú ilẹ̀, ó ń dúró de òun níbẹ̀.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ka èédú fún un, ó ka iyọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ọmọ ní kó jẹ́ kí òun bi ìyàwó léèrè ná.

"Kò sí ìbéèrè níbẹ̀," Ìyá ní. "Yàn. Èmi tàbí òun."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kó balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló mú irin kékeré tó fi máa ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó lọ sábẹ́ fèrèsé. Ó fi ọwọ́ kó èédú jáde títí ó fi rí ibi tí wáyà ti dì mọ́ ọ̀pá bàbà. Ó tú u, ó fa wáyà yọ. Ọ̀pá kò mì, ó fi í sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó bu omi inú garawa fọ ọwọ́, kò mọ́, ó bá na ọwọ́ tútù náà sí ẹ̀rọ omi.

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ṣìnnìnnìn. Nǹkan náà gbá a lápá mú, ó mì ín jìgìjìgì, ó sì sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ìyàwó ló ń sáré bọ̀, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù ló jí i, ó ń ké pé mọ́tò ò gba iná mọ́. Ó rí Ìyá nílẹ̀, ó yà lọ sídìí pátákó, ó pa iná gbogbo ilé, kó tó padà wá kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, ṣé ó ta yín? Ẹ wò mí lójú. Ẹ mí dáadáa."

Ó di ọrùn ọwọ́ Ìyá mú, ó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Ìgbà náà ló rí i pé ọwọ́ tó dì mú dúdú fún èédú. Ó gbójú sókè, ó wo fèrèsé.

"Iná ló ń jò sínú páìpù yín," ó ní. "Oníná ò tíì mọ ibi tó ti ń jò, ọ̀la ló máa tú ògiri wò. Ọ̀pá inú ilẹ̀ yẹn ló ń gbé e lọ kó má bàa pa yín. Òun náà ni mọ́tò ń béèrè kó tó gbà láti jẹun. Èédú àti iyọ̀, kí ibẹ̀ má bàa gbẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni mo rò, ni mi ò fi fẹ́ dẹ́rù bà yín."

Fóònù ké. Ọkọ ni. Ọwọ́ ìyàwó kan ṣì wà lára Ìyá, ó fi ìka ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́, ohùn ọmọ sì gba inú balùwẹ̀ kan.

"Màámi ní o ri nǹkan sábẹ́ fèrèsé wọn. Wọ́n ní kí n yàn láàárín ẹ̀yin méjèèjì."

Ìyàwó wo Ìyá. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀.

"Kí lo wá yàn?"

Ọmọ dákẹ́. Ìyá mọ ọmọ tó bí, ó mọ̀ pé ó ń rò ó. Kò tíì pẹ́ tí ìdákẹ́ yẹn ì bá ti dùn mọ́ ọn nínú ju oyin lọ. Ní báyìí, ó ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ìyàwó, ojú sì ń tì í dé egungun. Ó já fóònù gbà.

"Èmi ni mo tú u. Ọmọ ọlọ́mọ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀mí mi ló ń gbà là, mo ń pè é ní apànìyàn."

Ọmọ mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú rẹ̀ ni. Ìyàwó gba fóònù padà, ó pa á nígbà tí ọkọ ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó gbé Ìyá dìde, ó mú un dé orí ibùsùn, ó fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, má bínú."

"Mi ò bínú, Màmá. Ẹ má fọwọ́ kan omi títí Oníná á fi dé."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó kọjá sí yàrá tirẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà, kò tíì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Ìyá gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí.