Etí Tí Ń Gbọ́ Òróró

Ní agbo ilé wọn ní Ẹdẹ, tí Àwáwù bá ti dúró ti agbada ẹran, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni! Bí ọmọ bá ń ké, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà yìí kì í fi ojú wo òróró, etí ló fi ń wò ó. Á ju ẹyọ ẹran kan sí i, á tẹ́tí. Bí òróró bá kàn ń kùn lásán, á ní kò tíì yá. Àfi tó bá han, tó ń ké ṣàà, ni yóò tó pariwo pé, "Bisimilahi!" Ìgbà náà ni àwọn ìyàwó ilé á tó da ẹran sí i. Ogójì ọdún ló ti fi ń dín ẹran fún gbogbo ìnáwó ilé náà. Ẹran rẹ̀ a pọ́n lẹ́yìn, a sì rọ̀ nínú.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá, etí ọ̀hún ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ó fẹ́ sọ fún? Tí wọ́n bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, kíá ni wọ́n á gbé àga fún un lábẹ́ ibòòji láàárín àwọn àlejò, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ sinmi." Ìsinmi yẹn ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ. Ló bá ń díbọ́n. Bí èèyàn bá ti la ẹnu níwájú rẹ̀, á mi orí, á ní, "Àmín." Lọ́jọ́ kan, Fàsílátù, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára ṣíbí ẹran yẹn, bi í pé èló ni wọ́n ń ta ata lọ́jà. Ó ní, "Àmín, láṣẹ Ọlọ́run." Fàsílátù wò ó títí.

Ọjọ́ wòlímọ̀ Usamah wá pé. Usamah ni àkọ́bí Ràṣídì tó jẹ́ ọmọ Àwáwù. Ọmọ náà ti ka Kùránì parí, bàbá rẹ̀ sì pa odindi màlúù kan. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ bọ ẹran náà, tí wọ́n kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Hasanat, ìyá Usamah, ló wà nídìí iná. Igi tí wọ́n rà ní Sẹ̀kọ̀nà tutù, èéfín nìkan ló ń rú.

Àwáwù mú ṣíbí rẹ̀ gígùn dání, ó ju ẹyọ ẹran kan sínú òróró. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún tẹ́tí, àfi bíi pé wọ́n fi òwú dí i létí. Ojú gbogbo wọn sì wà lára rẹ̀! Ó rò ó pé bóyá òróró ti ń ké tipẹ́, kó jẹ́ pé etí òun ni kò mú un. Ló bá gbójú, ó pariwo, "Bisimilahi!"

Yéè! Àwọn ìyàwó ilé wo ara wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò já ìyáálé níyàn? Odindi apẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n dà sínú òróró tí kò tíì gbóná. Ẹran jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wá wẹ̀. Omi ń jáde lára rẹ̀, ìfófòó ń ru sókè, ẹran sì ń lẹ̀ mọ́ ìdí agbada. Kò dín rárá, híhó ló ń hó. Ohun tí Àwáwù fi ń bú àwọn ìyàwó láti ogójì ọdún, òun gan-an ló ṣe é lónìí, lójú gbogbo ayé, lọ́jọ́ ayẹyẹ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ojú tì í gidigidi.

Hasanat dìde. Ó kó ẹran náà jáde, ó wá igi gbígbẹ, ó kó o sínú iná títí iná fi sọ. Lẹ́yìn náà ló wá dúró ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó ju ẹyọ ẹran kan sí òróró, ó sì rọra gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ọwọ́ náà kò mira. Ó pẹ́ díẹ̀. Bí òróró ṣe ké ṣàà, ó gbá a lẹ́yìn pẹ́ẹ́!

Àwáwù yíjú sí i. "Ìyá Usamah, o ti mọ̀?"

Hasanat mi orí. Láti Iléyá ló ti mọ̀.

Ìyá àgbà ì bá jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ì bá kàn pariwo Bisimilahi, kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u. Ó kọjú sí àwọn ìyàwó ilé, ó sì gbóhùn sókè bí ẹni pé àwọn ni etí wọn di: "Etí mi ti lọ o! Mi ò gbọ́ òróró mọ́! Ẹni tó bá fẹ́ gba ṣíbí, kó wá gbà á!"

Kò sẹ́ni tó mira. Fàsílátù ló la ẹnu, ó sọ nǹkan kan, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?" Àwáwù bi Hasanat. Ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́.

Hasanat fi ẹnu sí i létí, ó pariwo: "Wọ́n ní ta ló fẹ́ jẹ etí? Ẹran la fẹ́ jẹ! Wọ́n ní kẹ́ ẹ yáa dín in, òróró yín fẹ́ jóná!"

Àwáwù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ké Bisimilahi, wọ́n sì da ẹran sí i níwọ̀nba. Ó ń wò ó bó ṣe ń pọ́n létí, ó di ọwọ́ Hasanat mú.

"Ṣé ó ń ké dáadáa?"

"Ó ń ké, Màmá," Hasanat sọ fún un létí. "Ó ń ké gan-an."