Àwọn Ojú Tí Màmá Pa Rẹ́

Ayàwòrán náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife tíì sẹ́nu ni ó rí i pé fódà náà ṣófo. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ló ṣi ilẹ̀kùn kàn. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó tún un ṣí, ó sì tún padà wọ inú àká rẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òfìfo ni ó tún bá. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá ti lọ ráúráú, olóòtú ìwé sì ń retí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìwé ọmọdé kan ni, ìtàn ìdílé eku tó ń gbé inú dùùrù àtijọ́. Ilé ìtẹ̀wé ti gba àwọn odindi àwòrán, inú wọn sì dùn sí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún fẹ́ kí àwọn eku náà máa mira lójú fóònù: kí wọ́n máa ṣẹ́jú, kí wọ́n máa juwọ́, kí ìrù wọn máa jó. Ìdí nìyẹn tí ó fi ní láti ya wọ́n ní ègé-ègé. Orí wà nínú fáìlì kan, ojú méjèèjì wà nínú òmíràn, etí wà lọ́tọ̀, ìrù wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fa ojú yọ lára odindi àwòrán, ihò ni yóò dá sí eku lórí. Bí àwọn ègé wọ̀nyí bá sọnù, ó di pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, olóòtú sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí ọjọ́ òní bá kọjá, ayàwòrán mìíràn ni àwọn yóò pè.

Láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀. Bí nǹkan bá ti rújú, kì í kígbe. Ìbéèrè ni ó máa ń bi ara rẹ̀. Ta ló lè wọ inú àká yìí yàtọ̀ sí òun? Kò sẹ́ni. Àfi... Màmá rẹ̀! Nígbà tó ra fóònù fún màmá rẹ̀, màmá kò ní ímeèlì. Dípò kó jókòó ṣí tuntun fún un, tirẹ̀ ló fi sí i, kí ó lè tètè parí. Láti ọjọ́ náà ni ìyá àti ọmọ ti ń gbé nínú àká kan ṣoṣo, àyè ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ kò sì tó ẹnì kan, kí á má tíì sọ ti ẹni méjì.

Ó pè é.

"Màmá, ẹ káàsán."

"Ọkọ mi, káàsán. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù yín?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n pa á rẹ́!"

Òtítọ́ ni. Ní àná ni màmá ti pè pé fóònù òun ń pariwo pé àyè ti kún, àti pé àwòrán ọmọ tuntun tí ẹ̀gbọ́n ayàwòrán bí kò rí ibi wọlé. Iṣẹ́ ló gba ọkàn ọmọkùnrin náà. Láìgbé orí sókè ló dáhùn pé, "Ẹ pa èyí tí ẹ ò bá nílò rẹ́."

"Kí wá lẹ pa rẹ́, mà?"

"Àwọn àwòrán burúkú kan ni. Orí ẹranko tí kò lójú! Mo wo ìsàlẹ̀, mo bá ojú tí kò lórí! Wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Mo ní ta ló fi irú èyí ránṣẹ́ sí arúgbó? Mo pa gbogbo wọn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí di ìsinsìnyí ni àtàǹpàkò mi ń ro mí."

"Màmá, èmi ni mo yà wọ́n."

"Ìwọ? Kí ló dé tí o ò yà wọ́n tán?"

Bí kì í bá ṣe pé omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ni ì bá rín. Ó ní, "Kò burú, mà. Wọ́n á ṣì wà nínú agolo ìdọ̀tí tó wà ní ìsàlẹ̀ yẹn..."

"Mo ti dà á nù. Nígbà tí mo pa wọ́n rẹ́ tán tí fóònù ṣì ń sọ pé àyè ti kún, ńkọ́? Ṣé èèyàn á gbálẹ̀ tán, á wá kó ìdọ̀tí sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni?"

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Ó rọra dágbére fún un, ó sì dìde, ó ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí èèrà bọ́ sí lára. Kọ̀ǹpútà kò lè ràn án lọ́wọ́: ikùn rẹ̀ kéré, òun fúnra rẹ̀ ló sì pàṣẹ fún un pé kó máa gbé ohun gbogbo lọ sínú àká, kó má fi ohunkóhun pamọ́ sílẹ̀. Ibo tún ni àwọn eku náà lè sá pamọ́ sí? Níbo ni ó ti kọ́kọ́ yà wọ́n?

Táblẹ́ẹ̀tì!

Ojú táblẹ́ẹ̀tì tó fi ń yàwòrán fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tó ti ya ègé tó kẹ́yìn tán. Pípa ló pa á kó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnfóònù-ṣe tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Skúrú. Nígbà tí màmá ń gbálẹ̀, oorun ni táblẹ́ẹ̀tì ń sùn. Ó dà bí ẹni tó rin ìrìn àjò, tí a kò tíì túfọ̀ fún. Gbogbo eku ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jí, tó sì fi ẹnu kan íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ́nrẹ́n, yóò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà yóò sì pa tirẹ̀ rẹ́. Ó sì mọ íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún: nígbà kan tí ayàwòrán ń dúró de bátìrì níbẹ̀, ó bẹ Ọ̀gá Skúrú títí tó fi fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú táblẹ́ẹ̀tì. Táblẹ́ẹ̀tì kì í gbàgbé irú oore bẹ́ẹ̀.

Ó pe Ọ̀gá Skúrú. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é, pàbó ni. Bí ọ̀gá náà bá ti ń ṣiṣẹ́, inú dúrọ́ọ̀ ni ó máa ń ti fóònù ara rẹ̀ mọ́.

Ni ọmọkùnrin bá ki eré mọ́lẹ̀. Ó ti kọjá ilé afọṣọ kí ó tó mọ̀ pé bàtà òde ló wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún òun, sálúbàtà inú ilé ló wà ní ti òsì. Ó fo kòtò omi, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́, ó sì já wọ inú ṣọ́ọ̀bù tóóró náà pẹ̀lú òógùn.

Ojú táblẹ́ẹ̀tì ń tàn yòò lórí tábìlì.

"Ọ̀gá! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ọ̀gá Skúrú gbé awò ńlá kúrò lójú. "Ta ló kú?"

"Ṣé ó ti wọ íńtánẹ́ẹ̀tì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi!"

"Íńtánẹ́ẹ̀tì ta ni?" Ohùn ọ̀gá le koko. "Ẹ̀rọ oníbàárà kankan kì í mu détà mi mọ́. Obìnrin kan gbé tirẹ̀ wá níjọ́sí. Kí n tó yíjú padà, ẹ̀rọ náà ti fa détà mi gbẹ, ó ní òun ń tún ara òun ṣe. Bí ó bá lè tún ara rẹ̀ ṣe, kí ló ń wá lọ́dọ̀ mi? Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó tan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, màá kọ́kọ́ yọ wáyà." Ó fi skúrúdíráfà tọ́ka sí àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lára ògiri. Wáyà rẹ̀ rọ̀ dirodiro, kò kan ohunkóhun. "Ahun ni wọ́n ń pè mí. Kí wọ́n máa pè."

"Ọ̀gá, ahun yín ló gbà mí là."

"Èébú nìyẹn àbí ìyìn?"

"Àdúrà ni, sà."

Ó rọra fa táblẹ́ẹ̀tì mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó dí gbogbo ọ̀nà tí íńtánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé, lẹ́yìn náà ló tó ṣí fódà. Orí wà níbẹ̀. Ojú wà níbẹ̀. Ìrù ìyá eku, irùngbọ̀n baba eku, etí àwọn ọmọ wọn, gbogbo wọn pé láìku ẹyọ kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá Skúrú wò ó, ó mi orí, ó sì yá a ní fúláàṣì kan. Wọ́n da àwọn eku náà kọ sórí rẹ̀, ayàwòrán tún ní kí wọ́n dà wọ́n kọ sórí òmíràn. Lẹ́yìn náà ló fi fóònù ara rẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí èsì dé pé: "Ó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ó dára púpọ̀."

Ó wá pe màmá, màmá sì gbé fóònù kó tó dún tán.

"Mo ti rí wọn, mà. Gbogbo wọn pé."

"Háà! Ọlọ́run mi, o ṣeun! Láti ìgbà tí o ti pè, mi ò tíì lè jókòó. Jọ̀wọ́, bàbá mi, wá yọ mí kúrò nínú ilé rẹ orí fóònù yìí. Wá ibi tèmi fún mi, bó ti wù kó kéré tó."

"Mò ń bọ̀ lọ́la, mà. Màá jókòó, màá ṣe é bó ṣe yẹ."

Ó ki fúláàṣì kan sápò àyà, ó fi èkejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Skúrú, ó sì jáde. Ọ̀nà tó yá wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó jìn ló gbà, ó ń rìn jẹ́jẹ́, nítorí pé kò sí ohun tó ń lé e mọ́.