Àdúrà Heikichi Lórí Òkè Kóyà

Bí Heikichi ahunní kò bá la ẹnu rẹ̀ lórí òkè Kóyà, ó parí nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́la, Fusae, opó tó ń ta wàrà sóyà ní òdìkejì ilé rẹ̀, yóò kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Sapporo tó jìnnà réré. Ìyàwó Heikichi náà ti kú tipẹ́. Òun àti Fusae ti bá ẹgbẹ́ àdúgbò fẹsẹ̀ rin gbogbo tẹ́ńpìlì erékùṣù Shikoku, wọ́n sì wá gun òkè yìí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba Daishi, àlùfáà àtijọ́ tí wọ́n gbà pé kò kú, pé ó ṣì jókòó ń ṣe àṣàrò nínú ibojì rẹ̀. Ní gbogbo ìrìn yẹn, kò sí ohun tí Heikichi rí sọ fún Fusae ju pé ojú ọjọ́ dára.

Nígbà tí wọ́n dé tẹ́ńpìlì tí wọn yóò sùn, kálukú gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ sídìí omi. Ọ̀pá náà dúró fún Baba Daishi, ìdí rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ Baba, òun ni à ń kọ́kọ́ fọ̀ kí á tó fọ ẹsẹ̀ tiwa. Heikichi fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó tún un fọ̀. Ọ̀pá Fusae ni.

Kinuyo, olórí ẹgbẹ́, pariwo. “Ẹ wá wo bàbá yìí o! Ọ̀pá ẹlòmíì lẹ̀ ń fọ̀, tiyín wà níbẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀!”

“Fi wọ́n sílẹ̀ jàre,” Fusae fèsì. “Ó mọ́ ju bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ.”

Wọ́n jẹun alẹ́ láìsí ẹja, láìsí ẹran. Àlùfáà bu ọtí fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní omi ọgbọ́n lórí òkè náà kí ojú má baà tì wọ́n, torí èèwọ̀ àlùfáà ni ọtí. Heikichi mu ún títí, ọgbọ́n ò dé, oorun ló dé.

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o,” Kinuyo sọ sí i létí.

Láàárọ̀, wọ́n dé afárá tó wọ ibojì Baba. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣí fìlà, tí a kì í sì í pariwo. Heikichi ṣí tirẹ̀, ẹ̀rọ etí tó fi ń gbọ́ràn sì bá fìlà lọ láìfura. Gbogbo nǹkan dákẹ́ lójijì. Ó rò pé ìwà mímọ́ ibẹ̀ ni.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ pọ̀ níwájú ibojì. Heikichi rọra gbàdúrà tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tàbí kí n sọ pé ohun tó rò nìyẹn.

“Baba, ẹ dákun! Fusae ni mo fẹ́! Ẹ má jẹ́ ó lọ! Ojú ló ń tì mí, ẹnu mi ò gbà á!”

Ẹyẹ fò lórí igi. Nígbà tó la ojú, òun ni gbogbo wọn ń wò. Fusae dúró níwájú rẹ̀, omi lójú, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Heikichi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbà pé obìnrin náà kọ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

“Ẹ má bínú,” ló wí, “mo ti gbọ́.” Ó yí padà láti lọ.

Fusae fà á láṣọ, ó gbé ẹnu sí i létí, ó sì lọgun níwájú Baba Daishi. “Mo ní mi ò lọ mọ́! Ilé yín ni mò ń bọ̀! Ṣé ẹ gbọ́?”

Heikichi gbọ́ yékéyéké. Síbẹ̀ ó na etí sí i.

“Ẹ tún un sọ.”